Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Apani Inú Ara: Ìtàn Ìbà Lassa àti Ìmọ̀ nípa Sẹ́ẹ̀lì T, láti Ìlú Lassa dé Ọ̀wọ̀ àti Gúúsù Èkìtì

Ìfáàrà

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Èkìtì bá ti dáná sun oko, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré sì ti gbẹ, eku inú igbó a máa wá oúnjẹ wá sínú ilé. Àwọn àgbà kò tíì gbọ́ orúkọ Lassa nígbà tí wọ́n ń pa á lówe pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ ìbà Lassa mu ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé eku tí ń gbé àìsàn náà kiri ń bá ènìyàn gbé inú ilé kan náà. Èkejì, tí ó jẹ́ kókó iṣẹ́ yìí, ni pé fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àìsàn náà kì í dúró ní ìta sẹ́ẹ̀lì ara kí ó tó bá ènìyàn jà. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó ń wọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ènìyàn méjì lè jọ kó ìbà Lassa, kí wọ́n jọ wà ní ilé ìwòsàn kan náà, kí ọ̀kan padà sílé ní àlàáfíà, kí èkejì sì di ẹni ilẹ̀. Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan le ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà? Fún nǹkan bí 80 ọdún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èròjà kan tí ó pò mọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣẹ́gun àrùn. Ìtàn ìbà Lassa wà lára ohun tí ó fi hàn pé èsì yẹn kò pé. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú ara, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá ti gbà, ni ìṣẹ́gun Lassa rọ̀ mọ́ jù lọ. A ó sì fi hàn pé ilẹ̀ Nàìjíríà kò jìnnà sí ìtàn ìmọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti sábà ń kà á.

Ó yẹ kí a là ọ̀rọ̀ díẹ̀ yé ara wa kí a tó tẹ̀ síwájú. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ tí a fi mọ ara ohun ẹlẹ́mìí, bí a ṣe ń fi bíríkì mọ ilé. Èròjà agbóguntì tí ó pò mọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ ni a ó máa pè ní ‘ọfà ẹ̀jẹ̀’, nítorí pé òkèèrè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ta á lu ọ̀tá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ń fi ara kan ọ̀tá kí wọ́n tó pa á ni a ó máa pè ní ‘ẹ̀ṣọ́ apani’. A yan ọ̀rọ̀ náà ‘ẹ̀ṣọ́’ nítorí pé jagunjagun tí a kọ́, tí a sì yàn, ni ẹ̀ṣọ́. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá sáà ti gbé idà.

Àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀, 1882 sí 1968

Ní ọdún 1882, ní ìlú Messina ní ilẹ̀ Ítálì, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Elie Metchnikoff gún ọmọ ẹranko inú òkun kan ní ẹ̀gún. Ara ẹranko náà mọ́ gaara bí omi, nítorí náà ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Metchnikoff rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún náà ká. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ọmọ ogun ara. Ọdún 8 lẹ́yìn èyí, ní ìlú Berlin, Emil von Behring àti Shibasaburo Kitasato fi hàn pé bí a bá mú omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ara rẹ̀ ti kọ oró dìfítéríà tàbí tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí a sì fà á sí ẹranko mìíràn lára, ẹni tí a fà á sí lára náà yóò bọ́ lọ́wọ́ oró náà. Báyìí ni àwọn onímọ̀ pín sí ẹgbẹ́ méjì. Àwọn kan ní sẹ́ẹ̀lì ni ó ń jà. Àwọn kejì ní omi ara ẹ̀jẹ̀ ni.

Behring gba ẹ̀bùn Nobel ní 1901. Ní 1908, Metchnikoff àti Paul Ehrlich, tí ó wà ní ẹgbẹ́ kejì, jọ pín ẹ̀bùn náà. Bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n parí ìjà náà ní ọ̀mì, ẹgbẹ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ ni ó borí fún ìwọ̀n àádọ́ta ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Omi ara ẹ̀jẹ̀ ṣeé rọ sínú ìgò, ó ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé fà sí aláìsàn lára. Sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn kò rọrùn láti mú bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà nígbà tí àwọn oníṣègùn ń gbìyànjú láti lọ́ ẹ̀yà ara ẹnì kan mọ́ ara ẹlòmíràn. Ní 1960, Govaerts fi hàn ní ilẹ̀ Belgium pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ajá tí a lọ́ kíndìnrín ajá mìíràn sí lára lè pa sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá tí ó ni í nínú àwo. Ní 1961, Jacques Miller, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, yọ ẹṣẹ́ táímọ́ọ̀sì kúrò lẹ́yìn egungun àyà àwọn èkúté tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ṣáájú àkókò yìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò ka ẹṣẹ́ náà sí. Ṣùgbọ́n àwọn èkúté náà kò lè kọ awọ àjèjì tí a lọ́ mọ́ wọn lára, àìsàn sì ń tètè mú wọn. Nígbà tí ó di 1968, Miller àti Graham Mitchell fi hàn ní Melbourne pé irú sẹ́ẹ̀lì funfun kékeré méjì ni ó wà. Èyí tí ó ti inú mùdùnmúdùn egungun wá, tí a ń pè ní B, ni ó ń ta ọfà ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó gba inú ẹṣẹ́ táímọ́ọ̀sì kọjá ni a ń pè ní T. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí ni ìbà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà.

Ìlú Lassa, 1969

Laura Wine jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọ Brethren ní ìlú Lassa, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ó ṣàìsàn, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Jos, níbi tí ó ti kú. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw, tí ó tọ́jú rẹ̀, kó àìsàn náà, òun náà sì kú ní oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tí ó tọ́jú Shaw, ṣàìsàn bákan náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní New York, ó sì yè é lẹ́yìn ìjàkadì ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí Yunifásítì Yale, níbi tí Jordi Casals, Sonja Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí fáírọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Casals fúnra rẹ̀ kó o. Àwọn dókítà gba omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo, wọ́n fà á sí i lára, ara rẹ̀ sì yá. Ní ìparí ọdún náà, Juan Roman, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ní Yale, kó àìsàn náà, ó sì kú. Yale dá iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì alààyè náà dúró. Ní oṣù kejì ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup, tí ó tọ́jú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ní Jos, náà ṣòfò ẹ̀mí sí i.

Ìwòsàn Casals mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọfà ẹ̀jẹ̀ ni oògùn Lassa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn béèrè. Bí ó bá jẹ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni ó gba Casals là, kí ni ó gba Pinneo fúnra rẹ̀ là? Kò sí ẹni tí ó yè ṣáájú rẹ̀ tí a lè gba omi ara ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fún un. Ohun kan nínú ara rẹ̀ ni ó ṣẹ́gun. Ìwòsàn ẹnì kan ṣoṣo kò sì tó ẹ̀rí. Ní 1986, Joseph McCormick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn ní Sierra Leone jáde. Omi ara ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ti yè kò dín ikú kù ní ọ̀nà tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ibòmíràn ni a ti ní láti wá ìdáhùn.

Èkúté Canberra àti àmì ìdílé

Ìdáhùn náà ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìbátan fáírọ́ọ̀sì Lassa. Ní 1933, Charles Armstrong rí fáírọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà tí èkúté inú ilé ń gbé kiri, tí a ń pè ní LCMV. Nígbà tí a rí ti Lassa, ó hàn pé ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, inú fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí dà bí ẹni pé a bu yanrìn sí i. Nítorí náà ni a ṣe fi ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí yanrìn sọ ìdílé náà lórúkọ.

Ní ìlú Canberra, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní 1973, Peter Doherty àti Rolf Zinkernagel mú sẹ́ẹ̀lì T láti ara èkúté tí ó kó LCMV. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ̀, tí a sì ti fi èròjà onítànṣán sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí sẹ́ẹ̀lì náà bá kú, èròjà náà yóò tú síta, ẹ̀rọ yóò sì kà á. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ní fáírọ́ọ̀sì. Ohun ìyanu ni pé nígbà tí a lo sẹ́ẹ̀lì láti ara irú èkúté mìíràn, tí fáírọ́ọ̀sì kan náà gan-an wà nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò fọwọ́ kàn án.

Ẹni tí ó bá mọ ìwúlò ilà ojú ní ayé ogun àtijọ́ yóò tètè mọ ìtumọ̀ èyí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilà tirẹ̀, ilà yìí ni a sì fi ń mọ ọmọ ẹni. Sẹ́ẹ̀lì ara náà ní àmì ìdílé tirẹ̀, tí a ń pè ní HLA lára ènìyàn. Ẹ̀ṣọ́ apani ń wo nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àmì ìdílé tí ó mọ̀, àti ipa ọ̀tá lára àmì náà. Bí ọ̀kan kò bá sí, kò ní ṣe ohunkóhun. Àmì ìdílé yìí yàtọ̀ gidigidi láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Nítorí náà, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnì kan ṣe ń rí fáírọ́ọ̀sì lè má jọ bí ti aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń rí i. Wọ́n tẹ ìròyìn àwárí yìí jáde ní 1974, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1996.

Bí ẹ̀ṣọ́ apani ṣe ń jà

Inú ẹṣẹ́ táímọ́ọ̀sì ni ẹ̀ṣọ́ apani ti ń kọ́ṣẹ́. Èyí tí kò bá lè ka àmì ìdílé yóò kú síbẹ̀. Èyí tí ó bá ń fẹ́ bá sẹ́ẹ̀lì ara tirẹ̀ jà, a kì í sábà jẹ́ kí ó jáde. Àwọn tí ó kùnà pọ̀ ju àwọn tí ó yege lọ fíìfíì. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó yege ní ojú tirẹ̀, tí ó ń mọ ipa ọ̀tá kan péré tàbí èyí tí ó bá jọ ọ́ gidigidi.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara tí ó ní kóró, iṣẹ́ kan wà tí kì í dáwọ́ dúró. Sẹ́ẹ̀lì náà ń gé díẹ̀ lára purotéènì tí ó ń ṣe sí wẹ́wẹ́, ó ń gbé àwọn ègé náà lé orí HLA, ó sì ń pàtẹ wọn sí ojú ara rẹ̀ lóde. Ará Ìkẹ́rẹ́ ní àpẹẹrẹ èyí nítòsí. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Lójú ilẹ̀kùn náà ni a ti rí Ògògà lórí ìtẹ́, tí aláṣẹ òyìnbó sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò wọ ààfin rí lè ti ojú ilẹ̀kùn mọ irú àlejò tí ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú sẹ́ẹ̀lì. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú rẹ̀, tí ó ń fi ipá lo ohun èlò ilé láti mọ purotéènì tirẹ̀, ègé purotéènì àjèjì náà yóò hàn lóde.

Àwọn agbọ́ròyìn ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ń ṣọ́ awọ, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, ni ó ń kọ́kọ́ gbé ègé ọ̀tá lọ sí àwọn kókó tí ó wà ní ọrùn, abíyá àti ìtan. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tí ojú rẹ̀ bá ègé náà mu ti ń jí. Ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí yóò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí olùkọ́ rántí ìwọ̀n àkókò yìí, nítorí a ó padà sí i.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ a tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì máa fọwọ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tí ẹ̀ṣọ́ kò bá rí ipa ọ̀tá lára rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó bá kan èyí tí ó ní ipa náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Àwọn àpò kékeré inú ẹ̀ṣọ́ náà, tí ohun ìjà wà nínú wọn, a sún wá sí ìhà ibi tí ara ti kan ara. Inú àlàfo tóóró tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni yóò da ohun ìjà náà sí, kí ó má baà kan aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun ìjà náà jẹ́ oríṣi méjì tí ń ràn ara wọn lọ́wọ́. Èkíní ni perforin, tí a mọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Òun ni ó ń dá ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì náà. Èkejì ni granzyme, tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Granzyme kò fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà. Àṣẹ ni ó gbé wá. Ó ń jí ètò kan tí ó ti wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pa ara rẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò gé ohun àjogúnbá inú kóró rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, yóò súnkì, yóò sì di ẹrù kéékèèké tí àwọn agbálẹ̀ ara yóò gbé mì. Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ náà kàn fọ́ sẹ́ẹ̀lì ni, àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú rẹ̀ ì bá tú jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ̀ṣọ́ náà yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kọjá sí ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lè pa ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀.

Ní 1994, ẹgbẹ́ Zinkernagel ní Zürich tẹ ìròyìn kan jáde lórí èkúté tí a bí láìní perforin. Ẹ̀ṣọ́ wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè lé LCMV kúrò nínú ara. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé iṣẹ́ pípa náà gan-an ni ara fi ń ṣẹ́gun irú fáírọ́ọ̀sì yìí.

Idà olójú méjì

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní apá kejì tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣáájú iṣẹ́ Canberra, àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé bí a bá fi LCMV sínú ọpọlọ àgbà èkúté, ó ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ti yọ ẹṣẹ́ táímọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tí a bí i, fáírọ́ọ̀sì yóò wà lára rẹ̀, kò sì ní kú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ni ó ń pa àwọn èkúté náà bí kò ṣe ẹ̀ṣọ́ ara wọn. Bí ọ̀tá bá ti gba ilé tí ó pọ̀ jù ní ìlú kan, ẹ̀ṣọ́ tí ń wó ilé ọ̀tá lè wó ìlú tán.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni gbogbo rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì Lassa mọ èyí lò. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ́kọ́ ń wọ̀ ni àwọn agbọ́ròyìn tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gbé inú wọn láìjẹ́ kí wọ́n ké gbàjarè. Ìpè ogun a pẹ́, ọ̀tá a sì ti dé ẹ̀dọ̀, ọlọ inú àti kíndìnrín. Ìwádìí tí Sylvain Baize àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 lórí ọ̀bọ fi hàn pé èyí tí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ tètè dìde, tí ó sì lágbára, ni ó yè. Ti àwọn tí ó kú pẹ́, ó sì ṣe aláìlágbára. Ọfà ẹ̀jẹ̀ tí ó lè dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró sábà máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ara aláìsàn ti yá, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà fi ṣúgà bo ara rẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ tí ó yè ni etí rẹ̀ ń di. Àwọn onímọ̀ kan sì fura pé ẹ̀ṣọ́ ara fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìpalára etí náà.

Ọ̀wọ̀ àti gúúsù Èkìtì

Ẹni tí ó bá wà ní Emùré mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ kò jìnnà. Orúkọ kan náà ni Emùré-Èkìtì àti Emùré-Ilé tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ń jẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára ibi tí ìbà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà. Nínú àjàkálẹ̀ ọdún 2018, Èkìtì náà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti rí i.

Láàárín oṣù kẹrin 2018 àti oṣù kẹta 2020, àwọn oníṣègùn ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti òkèèrè, tẹ̀ lé ìtọ́jú aláìsàn 510 tí àyẹ̀wò fi hàn pé Lassa ni ó ń ṣe wọ́n. Iye àwọn tí ó kú jẹ́ 12 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí a wo iye yìí dáadáa. Nínú àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn, tí a sì tọ́jú, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó padà sílé. Ìtọ́jú kò gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ apani ṣe. Omi tí a ń fà sí ara, ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aláìsàn àti ẹ̀rọ tí ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ ń gbé ẹni náà ró títí ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ yóò fi pé. Ní ti oògùn ribavirin, iṣẹ́ McCormick ní 1986 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́ tí ìbà bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn lónìí lórí bí agbára rẹ̀ ti tó.

Ohun kan tún kan ìran Yorùbá tààrà. Ní 2007, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn wò. Wọ́n rí àmì pé ìyípadà kan ti ń gbilẹ̀ láti ìran dé ìran ní ibi tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì Lassa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n dábàá pé ó ṣeé ṣe kí ìbà yìí ti ń bá àwọn baba ńlá wa fínra tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Àbá ṣì ni, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè jọ gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò fi èyí ṣe? Èkíní, kí ó yé sọ fún ọmọdé pé ẹ̀jẹ̀ líle ni ó ń gba ni. Àlàyé bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ẹni tí ó gbójú lé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jókòó sílé. Èkejì, kí ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀ṣọ́ fi ń pọ̀ sí i kọ́ wọn ní ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì. Bí a bá lo oògùn ibà lásán fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí ara kò sì rọlẹ̀, àyẹ̀wò ni ó kàn. Kò yẹ kí a tún paarọ̀ oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tàbí kí a tún se àgbo mìíràn. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi dúró, ọ̀tá ń gba ilé sí i ni, ogun tí ẹ̀ṣọ́ yóò jà sì ń le sí i fún ìlú tí ó fẹ́ gbà là.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ má ṣe fi ìtàn Laura Wine, Shaw àti Troup pamọ́. Ìfọwọ́kan omi ara aláìsàn ni ó pa àwọn olùtọ́jú nígbà náà, ó sì lè pa ìyá tí ń tọ́jú ọmọ lónìí. Ẹ̀kẹrin ni ti eku. Gàrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, ìṣasùn tí kò ní ìdérí àti ilẹ̀ tí a kò gbá ni ó ń pè é wọlé. Àìjẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì wọ ara rárá sàn ju ogun tí ẹ̀ṣọ́ tí ó gbóná jù lọ lè jà.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ ipasẹ̀ ìmọ̀ kan láti Messina àti Berlin dé Lassa, Canberra àti Ọ̀wọ̀. A rí i pé ìwòsàn Casals fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ayé lọ́nà, nítorí pé ohun tí ó ṣeé rọ sínú ìgò ni ojú tètè rí. Ìyè Pinneo, tí kò gba ohunkóhun lára ẹnikẹ́ni, ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ní 2024, ìdánwò ìpele kejì lórí àjẹsára Lassa kan bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú Gánà àti Liberia. Bí irú àjẹsára bẹ́ẹ̀ bá yege, ohun tí a ń retí ni pé kí ara ti mọ ojú ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé, kí ọ̀sẹ̀ kan tí a fi ń dúró de ẹ̀ṣọ́ lè dín kù. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ ìyàwó ilé tí ń dé ìkòkò àti ọwọ́ olùkọ́ tí ń kọ̀wé sí ojú pátákó ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ni ààbò àkọ́kọ́ wà.